Ìbàdí Katapílà

Ohun tó máa ń bí mi nínú jù ni kí ènìyàn má fọwọ́ kan nǹkan, kó sì máa sọ pé nǹkan náà ò dáa. Mo ti sọ ọ́ fún Pacôme lójúkojú, mo sì tún sọ ọ́ lórí Wásàápù níbi tí gbogbo ẹgbẹ́ ti gbọ́ ọ. Ó ní kò dìgbà tí òun bá jẹ ẹja kí òun tó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Mo ní ẹja a máa rùn, rọ́bọ́ọ̀tì kì í rùn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí ara mi ò balẹ̀ rárá lọ́sẹ̀ náà.

Eugénie ni orúkọ tí fadá sọ mí nígbà ìrìbọmi, ṣùgbọ́n Táyé ni gbogbo Pobè mọ̀ mí sí. Aṣọ ni mò ń rán. Kẹ́hìndé mi, Fortuné, ń ta tẹlifóònù ní Sakété, ó sì ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe. A ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa, a sì ń kó rọ́bọ́ọ̀tì jọ, àwọn ohun ìṣeré tí a máa ń yí pa dà: kí o ká apá rẹ̀ sẹ́yìn, kí o tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọnú, kí ohun tó dà bí ènìyàn irin tẹ́lẹ̀ di mọ́tò tàbí bàálù. Ẹni tó bá fẹ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, kó ṣe é tán kó tó bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń kó ilẹ̀ jọ, àwọn kan ń kó ìyàwó jọ, tiwa ò pa ẹnikẹ́ni lára.

A pọ̀ lórí Wásàápù, láti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu, kódà àwọn kan wà lódìkejì ààlà. Ṣùgbọ́n àwa mẹ́rin la máa ń pàdé lójúkojú lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù, nígbà mìíràn ní ọ̀dọ̀ mi ní Pobè, nígbà mìíràn ní bútíkì Fortuné ní Sakété. Àgbà wa ni Ọ̀ṣẹ́nì, tí a ń pè ní Bàbá Falilath, tó ń ta gàrí àti àgbàdo lápò lápò ní Sakété. Yàrá kan nílé rẹ̀ kún fún rọ́bọ́ọ̀tì tí ẹnikẹ́ni ò rí ojú wọn rí, nítorí kì í ṣí páálí. Lójú tirẹ̀, ohun ìṣeré tí wọ́n bá ti ṣí ti di àlòkù. Ẹni kẹrin ni Pacôme, olùkọ́ ní Pobè, tó máa ń ka gbogbo ohun tí àwọn òyìnbó bá kọ nípa rọ́bọ́ọ̀tì, táá wá sọ ọ́ fún wa bí ẹni pé òun ló rò ó.

Èmi ni mo máa ń tọ́ rọ́bọ́ọ̀tì tuntun wò. Bó ṣe wà láti ilé nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá gbé ní àdúgbò wa mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni àgbà, òun ló rán Táyé jáde pé kó lọ wo bí ayé ṣe rí, kó jíṣẹ́, kí òun tó tẹ̀ lé e. Ní Ahoyéyé níbi tí a dàgbà sí, èmi ni ìyá wa máa ń kọ́kọ́ fún ní àgbo. Bí mo bá gbé e mì láìbojú jẹ́, Fortuné á mu ún. Bí mo bá tu ú dànù, kò sí ẹni tó lè fi tipá fún un. Nígbà tí a wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó rọ́bọ́ọ̀tì jọ, a ò yí ètò náà pa dà. Bí tuntun bá dé, ọwọ́ mi ló ń kọ́kọ́ bọ̀. Màá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, màá yí i síwá, màá yí i sẹ́yìn, títí ọwọ́ mi á fi mọ gbogbo oríkèé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá wá sọ̀rọ̀ sórí Wásàápù, bó bá ṣe rí ni màá ṣe sọ ọ́. Mi ò parọ́ fún wọn rí, ìdí nìyẹn tí àwọn ará Àjàṣẹ́ kì í fi í ra rọ́bọ́ọ̀tì kí wọ́n tó gbọ́ ohùn mi.

Ó ti tó oṣù díẹ̀ tí a ti ń rí àwòrán èyí tó fa wàhálà. Katapílà ni, aláwọ̀ ìyeyè, irú èyí tí wọ́n fi ń la ọ̀nà. Bí o bá yí i, àwo irin iwájú rẹ̀ á di àyà, bẹ́líìtì tó fi ń rìn á gba abẹ́ ìbàdí kọjá lọ sẹ́yìn, ó sì di géńdé ọkùnrin. Pacôme ní orí rẹ̀ kéré. Ó ní ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ jù, bí obìnrin tó pọn ọmọ méjì pọ̀. Ó ní àwọn òyìnbó ti sọ pé kò ṣeé fi ṣeré, pé bí o bá yí i lẹ́ẹ̀kan, ó parí, kí ni o tún fẹ́ fi ṣe? Bàbá Falilath béèrè pé ta ló ní kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Ó ní kó jókòó sínú páálí rẹ̀, kó máa wò wá, bó bá ṣe ń pẹ́ náà ni iye rẹ̀ á máa gòkè. Mo ní ohun ìṣeré tí a ò bá fi ṣeré, igi ìdáná sàn jù ú lọ. Bí a ṣe ń fà á lọ fà á bọ̀ nìyẹn láàárọ̀ lálẹ́. Fortuné, tó fẹ́ràn Katapílà yẹn ju gbogbo wa lọ, kò sọ ohunkóhun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wá bá mi ní Pobè. Kò jókòó. Ó ń rìn káàkiri inú ṣọ́ọ̀bù, ó ń fọwọ́ kan àwọn aṣọ tí mo gbé kọ́, ó ń bi mí léèrè ẹni tó ni wọ́n, kò sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Nígbà tó yá, ó ní òun ti ra Katapílà. Mo ní kó gbé e wá kí n rí i. Ó ní kì í ṣe ẹyọ kan. Gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Kútọnu ni òun kó, òun sì ti kó gbogbo tẹlifóònù inú bútíkì òun fún ọkùnrin náà dípò rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

"Ta ló tọ́ ọ wò?" Mo gbé aṣọ ọwọ́ mi sílẹ̀.

Ó ní kò sí àyè. Ọkùnrin kan láti òdìkejì ààlà ti dúró sí ẹnu ọ̀nà, bí òun ò bá mú un nígbà náà, òun á pàdánù rẹ̀. Ó ní kí n má bínú. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú, bí a bá pé jọ ní Sakété, kí n yí i níwájú gbogbo wọn kí n sì sọ̀rọ̀ sórí Wásàápù, pé kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ará Àjàṣẹ́ á ti wà lójú ọ̀nà.

"Bí ọn ò bá rà á, Táyé, bútíkì parí nìyẹn," ló wí.

Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì tún ṣe mí. Ó ti pẹ́ tó ti ń jìyà lórí bútíkì náà, láti ìgbà tó ti ń tún tẹlifóònù ṣe lábẹ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà. Mo ní kó gbé ẹyọ kan fún mi, kí n mú un dání di ọjọ́ Àìkú gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe. Ó ní wọn ò tíì dé, ọkọ̀ ò tíì kó wọn kúrò ní Kútọnu. Mo fún un lómi, kò mu ún. Kí n tó yíjú pa dà, ó ti wà lẹ́yìn zémì, ọ̀kadà akérò, ó ti lọ.

Mi ò mọ ohun tí mo ṣe ní Ọjọ́rú. Mo mọ̀ pé mo rán apá aṣọ Espérance, oníbàárà mi kan, sódì, ọwọ́ òsì sápá ọ̀tún, ó wọ̀ ọ́ níwájú dígí, ó sì ń wò mí bóyá mo mutí. Mo tú u, mo tún un rán, mo tún fi abẹ́rẹ́ gún ara mi. Pacôme kò jẹ́ kí tẹlifóònù sinmi. Gbogbo ìgbà tó bá ti jáde nílé ẹ̀kọ́ ló máa ń fi ohùn ránṣẹ́: òyìnbó kan tún sọ pé apá rẹ̀ kò ká, òmíràn ní kò lè di nǹkan mú. Tẹ́lẹ̀, màá dá a lóhùn. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sọ ni mo ń rí lára bútíkì Fortuné bí ìgbà tí ẹnì kan ń yọ bíríkì lára ògiri. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí i pé kó panu mọ́ títí ọwọ́ fi máa kan nǹkan náà. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo di agbẹjọ́rò Katapílà.

Ní Ọjọ́bọ̀, mi ò lè jókòó mọ́. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gun zémì, ó di Sakété. Ọ̀nà náà kún fún ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó gbágùúdá lọ Àjàṣẹ́, òjò ń ṣú bọ̀, onízémì mi sì ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tí mo débẹ̀, ilẹ̀kùn bútíkì ṣí díẹ̀. Mo wọlé. Àpótí dígí tí tẹlifóònù máa ń wà nínú rẹ̀ ṣófo, ó kan mọ́ roro. Lẹ́yìn rẹ̀, páálí aláwọ̀ ìyeyè kún dé òkè àjà, àwòrán Katapílà lára gbogbo wọn. Fortuné jókòó sáàárín wọn, ó dìde fù ú nígbà tó rí mi.

Ó ní àárọ̀ yẹn ni wọ́n dé. Mo wo orí páálí, eruku ti wà níbẹ̀. Mi ò sọ ti eruku. Mo ní kó fún mi ní ẹyọ kan kí n máa gbé e lọ. Ó ní rárá. Ó ní bí mo bá yí i nílé, Pacôme á ní àwa méjèèjì ti jọ ṣètò ohun tí màá sọ, pé ó sàn kí a ṣí i lójú gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́, kò sì sí ìgbà kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa tí ohun kan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó ní kí n má fọwọ́ kàn án. Òjò pa mí dé Pobè. Mo pinnu lójú ọ̀nà pé bí Katapílà yẹn bá burú díẹ̀, màá sọ pé ó dáa. Mi ò ṣe irú rẹ̀ rí. Mo rò pé tí mo bá ti pinnu, ọkàn mi á balẹ̀, kò balẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí mo ṣe kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo gun ọkọ̀. Pacôme ti débẹ̀ ṣáájú mi, ó ti gbé tẹlifóònù rẹ̀ dúró kó lè ya fídíò. Bàbá Falilath jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó ní ibi ìfẹ̀yìntì, ó ń wo àwọn páálí tí wọn ò ṣí bí ọkọ ìyàwó. Wọ́n ti ń bá ìjà lọ kí n tó dé. Pacôme ní ẹni tó ń kó ohun ìṣeré jọ láìṣí i dà bí ẹni tó fẹ́yàwó tí kò ṣí ìbòjú. Bàbá Falilath ní òun fẹ́yàwó mẹ́ta, òun sì mọ ohun tí òun ń ṣe. A rẹ́rìn-ín. Fortuné náà rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ kó tó dákẹ́.

Ó mú ọ̀kan jáde lábẹ́ tábìlì. Páálí rẹ̀ ti ṣí. Ó ní òun ti bá wa ṣí i kí a má baà pẹ́. Bàbá Falilath di ojú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pa ẹran rẹ̀ níṣojú rẹ̀. Mo gba nǹkan náà. Ó wúwo lọ́wọ́, ó dán, mi ò ní tan ara mi, ó wù mí gan-an. Mo gbé àwo iwájú rẹ̀ sókè, ó di àyà. Mo fa apá méjèèjì jáde lábẹ́ ìjókòó awakọ̀. Orí yọ. Ó ku kí bẹ́líìtì gba abẹ́ ìbàdí kọjá, ibẹ̀ ni mo sì ń bẹ̀rù láti ọjọ́ tí mo ti ń wo àwòrán rẹ̀. Ó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo gbé e dúró sórí tábìlì, ó dúró. Mo tún dá a pa dà, ó di katapílà.

Pacôme ní orí rẹ̀ kò kéré tó bí àwòrán ṣe fi hàn. Lẹ́nu Pacôme, oríkì nìyẹn. Bàbá Falilath ní òun á mú nínú rẹ̀, bí wọn ò bá ti ṣí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, mo tún ń yí i, inú mi dùn pé mi ò ní parọ́ mọ́. Ó dáa ní tòótọ́. Ó rọrùn lọ́wọ́. Bí mo ṣe tún débi ìbàdí, mo rò ó pé ó rọrùn jù, nítorí tuntun a máa le díẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò wá inú oríkèé náà. Ó kan ibì kan tí kò dán.

Wọ́n ti fi abẹ gé etí rọ́bà ibi ìbàdí náà. Wọ́n fara balẹ̀ gé e, wọ́n sì ha á kó lè jọ pé bó ṣe wá láti Ṣáínà nìyẹn. Gígé náà dà sí apá òsì. Ọlọ́wọ́ òsì ni Fortuné, mo sì ti rí irú gígé bẹ́ẹ̀ lára ìdérí tẹlifóònù tó ti tún ṣe, mi ò lè mọye ìgbà. Mo gbójú sókè. Òun náà ń wò mí. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ó ti tọ́ ọ wò. Ó ti mọ̀ pé ó burú, ó wá tún ọ̀kan ṣe, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ kí n fi ẹnu mi jẹ́rìí sí gbogbo ìyókù. Inú bí mi débi pé etí mi ń hó.

"Ó yá, Táyé," Pacôme na tẹlifóònù sí mi. "Ẹgbẹ́ ń retí."

Mi ò gba tẹlifóònù. Mo ní kí Fortuné gbé òmíràn fún mi lára èyí tó wà lókè àjà. Ó ní èyí tó wà lọ́wọ́ mi náà ni, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Mo ní mo mọ̀. Bàbá Falilath gba tirẹ̀ sọ, ó ní ẹ dákun, ọ̀kan tí ẹ ṣí yẹn ti tó, ẹ má ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. Mo na ọwọ́, mo fa páálí kan lulẹ̀, mo ya á. Mo gbé Katapílà inú rẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n mi.

"Ìwọ yí i."

Pacôme rẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré ni, ó béèrè pé láti ìgbà wo ni Kẹ́hìndé ti ń ṣáájú. Fortuné mú nǹkan náà. Ó gbé àwo sókè, ó fa apá jáde, orí yọ. Ó débi ìbàdí, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Pacôme fi pa fídíò rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

"Ó máa kán," Fortuné wí. Ó sì tẹ̀ ẹ́ kọjá. A gbọ́ ọ, ó dún kín-ín bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ egungun ẹja. Ìlà funfun kan yọ lára rọ́bà náà, bẹ́líìtì kan ṣubú, ìyókù há síbẹ̀. Kò di ènìyàn, kò di ọkọ̀. Ó ní ní Kútọnu, lọ́jọ́ tí òun kó wọn, òun ò lè ní sùúrù, òun ti ṣí ọ̀kan lójú ọ̀nà, ó kán. Òun ṣí òmíràn, ìyẹn náà kán. Nígbà yẹn, tẹlifóònù òun ti lọ.

Pacôme ní òun sọ bẹ́ẹ̀. Mo kọjú sí i, mo ní orí lo sọ, o sọ ẹrù ẹ̀yìn, o sọ apá tí kò ká, n kò gbọ́ kí o dárúkọ ìbàdí. Bàbá Falilath ló wá sọ̀rọ̀ bí àgbà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ò le. Kí a má ṣí ìyókù. Àwọn bíi tòun pọ̀ ní Àjàṣẹ́ àti lódìkejì, àwọn tó ń rà á kó lè jókòó sínú páálí ni, ìbàdí rẹ̀ ò ní kán láéláé nítorí wọn ò ní tẹ̀ ẹ́ láéláé. Òun á bá a sọ ọ́ fún wọn. Kì í ṣe olè, ohun tó gbà gbọ́ ló ń sọ, mo sì rí i pé Fortuné gbójú sókè bí ẹni tó rí omi.

Mo bi wọ́n pé ọmọdé tí wọ́n bá rà á fún ńkọ́? Ṣé òun náà á máa wo páálí? Bàbá Falilath ní kí ọmọdé lọ ra bọ́ọ̀lù. Mo ní ohun kan ṣoṣo tó lè mú kó ṣeé fi ṣeré ni kí a ṣí gbogbo rẹ̀, kí a gé ìbàdí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí Fortuné ṣe gé tàkọ́kọ́. Bàbá Falilath gbé ọwọ́ lérí. Ó ní bí a bá ti ṣí i, àwọn ẹni tirẹ̀ ò ní rà á mọ́. Fortuné béèrè pé bí mo bá sì sọ fún àwọn tó ń fi ṣeré pé ó ń kán, ta ló kù tó máa rà á? Mi ò mọ̀. Mo sọ fún un pé mi ò mọ̀.

Ó jáde lọ sẹ́yìn bútíkì. Mo tẹ̀ lé e. Mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ mi sẹ́nu, gbogbo èyí tó le jù.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" ni mo bi í. "Èmi. Kí ló dé?"

Ó ń fi bàtà ha ilẹ̀.

"Ẹ̀rù ẹ ń bà mí," ló wí. "Pacôme ń bú ohun tí ò fọwọ́ kàn, a máa ń fi í rẹ́rìn-ín ni. Tìrẹ, bí o bá ti la ẹnu, ó parí. O ti sọ fún mi pé ilé tí mo fẹ́ yá ò dáa, òótọ́ ni. O sọ pé Flavienne ò ní bá mi kalẹ́, òótọ́ ni. Gbogbo ẹ̀ lo máa ń rí. O ò bi mí rí bóyá mo ti gbé òótọ́ náà mì."

Mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sẹ́nu kò wúlò mọ́. Mo rántí Flavienne, bí mo ṣe sọ ọ́ lójú ọmọbìnrin náà, tí mo sì pa dà sídìí ẹ̀rọ mi tí mo ń bá iṣẹ́ lọ. Ó dùn mí. Ó dùn mí ju irọ́ tó pa fún mi lọ, nítorí mo ti ń fi òótọ́ yẹn yangàn láàárín ìgboro, mi ò sì mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo tí mò ń sọ ọ́ nítorí rẹ̀ ti ń sá fún un. Mo ní kó jẹ́ ká wọlé.

Mo gba tẹlifóònù Pacôme lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró sáàárín àwọn páálí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ náà. Mo ní Táyé Pobè ni. Mo ní Katapílà lẹ́wà, ó wúwo, ó sì wù mí, ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ ń kán. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló ni ọjà, gbogbo ohun tó ní ló sì wà nínú rẹ̀. A máa ṣí gbogbo rẹ̀, a máa gé ìbàdí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó kúrò lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ èyí tí wọn ò ṣí kó wá a lọ síbòmíràn. Bàbá Falilath kérora. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, mi ò fi í ránṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu mi ló ti ń lọ. Mo gbé tẹlifóònù náà fún Fortuné.

"Gbọ́ ọ ná. Bí o ò bá fẹ́ kó lọ, pa á rẹ́. N ò ní sọ òmíràn."

Ó gbé e sétí. Ó gbọ́ ọ tán, ó tún gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Pacôme ń wo ilẹ̀, Bàbá Falilath ń wo Fortuné, èmi sì ń wo àtàǹpàkò òsì rẹ̀ tó dúró lókè dígí tẹlifóònù, tó ń lọ sí apá ibi tí wọ́n ti ń pa á rẹ́, tó tún ń pa dà. Ó wù mí kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí n tẹ̀ ẹ́ fúnra mi, bí mo ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan fún un. Mo ká ọwọ́ mi pọ̀ sẹ́yìn.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó lọ.

Ó gbé tẹlifóònù sórí àpótí dígí tó ṣófo, ó gun àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó páálí sílẹ̀ láti òkè àjà wá. Ó ń na ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mi, mo ń ya á. Kò tíì sí ẹnikẹ́ni tó fèsì lórí Wásàápù.